Ìwọ Kan Ṣoṣo

Nígbà tí fèrè ìparí dún ní eré kẹrin àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ọwọ́ Ológbò ni bọ́ọ̀lù wà, lábẹ́ àwọ̀n gan-an, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí ó lè dí i lọ́wọ́. Ó gbá a mọ́ra bí ẹni tí ó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Àmì kan ṣoṣo ni àwọn Alágbẹ̀dẹ fi ju àwọn Ẹyẹ Òkun lọ. Ká ní Ológbò ti sọ bọ́ọ̀lù náà sókè díẹ̀ ni, ife ẹ̀yẹ líìgì ìbá ti di ti àwọn Ẹyẹ Òkun, àwọn èèyàn wọn ìbá sì máa jó lọ sílé. Dípò bẹ́ẹ̀, àṣekágbá wá di méjì sí méjì, ó ku eré karùn-ún tí yóò yanjú ọ̀rọ̀ láàárín wọn.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn Ẹyẹ Òkun, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orúnkún ti lé kúrò nínú gbígbá bọ́ọ̀lù láìtọ́jọ́, kó gbogbo wọn wọ yàrá ìmúra. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó lọ dúró síwájú Ológbò, ẹni tí ó kéré jù nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bó ti wù kí ó fò tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún tí ó bá balẹ̀.

“Kí ló dé tí o kò jù ú?”

“Ẹ̀yin lẹ ní ká má jù ú, mà.”

“Èmi?”

“Ẹ ní, ‘Ẹ má jù ú o, ẹ dì í mú.’ Mo sì dì í mú.”

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo àwọn yòókù. Gbogbo wọn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi kún un pé ọ̀rọ̀ náà ya òun lẹ́nu nígbà tí òun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun rò pé kóòṣì rí ohun tí àwọn kò rí.

“Bọ̀dá mi ni mò ń bá wí,” ó sọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí igun yàrá, níbi tí ọkùnrin gíga kan ti ń tú báńdéèjì kúrò lórúnkún. Òun ló dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ náà, Àgbà ni gbogbo wọn sì ń pè é. Ẹ̀gbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Ó gbé ojú sókè, ó jẹ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun alára rò pé gbogbo àwọn ló ń bá wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dá eré dúró fún ìsinmi ráńpẹ́ tó kẹ́yìn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ti rò ó pé ọkùnrin méjì ni yóò ya bo ẹ̀gbọ́n òun bí bọ́ọ̀lù bá ti kan án lọ́wọ́. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí ẹ̀gbọ́n òun di bọ́ọ̀lù mú, kí ó má jù ú fúnra rẹ̀, títí Ológbò yóò fi yọ́ dé abẹ́ àwọ̀n. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ètè rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ‘ìwọ’ rí. Ìyá wọn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, bí ó bá ṣèèṣì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ‘ẹ’, ìyá á ní kí ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu, kí ó fọ̀ ọ́ mọ́, kí ó tó tún gbé e jáde. ‘Ẹ’ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo sì ni ‘ẹ’ tí a fi ń pe odidi ìlú. Kò gùn jù ú lọ, kò kúrú jù ú lọ, ohùn kan náà ni wọ́n jọ ní. Ní gbogbo sáà yẹn, ‘Bọ̀dá mi’ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń ṣíwájú rẹ̀ kí ó tó dé ‘ẹ’, nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ìkánjú ti gbé ‘Bọ̀dá mi’ mì. Ẹnì kan ló pè, ẹni márùn-ún ló dáhùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, alága ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sí ọ́fíìsì rẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta táyà. Òórùn rọ́bà kún ibẹ̀, fáànù òkè àjà sì ń kérora bí ẹni tí eyín ń dùn. Alága kì í ṣe oníbìínú èèyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń fi ẹ̀fẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbọ́n a máa jókòó dáadáa. Ó ní kí wọ́n ròyìn bó ṣe jẹ́ fún òun. Wọ́n ròyìn. Ó ní kí wọ́n tún un sọ, nítorí pé òun fẹ́ kí ó dá òun lójú pé etí òun kọ́ ló ní àìsàn. Wọ́n tún un sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí agbádá nù ún.

“Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ìpalára bì ṣubú,” ó wí, “mo sì ti rí èyí tí rẹfirí bì ṣubú. Èyí tí ẹ̀kọ́ ilé bì ṣubú, tèmi ni àkọ́kọ́.”

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣèlérí pé láti ìsinsìnyí lọ, òun kò ní gbàgbé ‘Bọ̀dá mi’ mọ́ láé. Alága dáhùn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni kò ti gbàgbé rẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí ó ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ibi tí òun dúró sí, kò sì fi ẹ̀fẹ̀ sí i mọ́. Nínú eré karùn-ún, kí kóòṣì máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ‘ìwọ’ bí ó ti ń pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù, tàbí kí ẹ̀gbọ́n náà jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bí alága ti rò ó lọ. Eré karùn-ún ni yóò kẹ́yìn gbogbo eré fún Àgbà. Dókítà ti sọ fún un pé kí ó má ṣe fi orúnkún yẹn wọ sáà mìíràn. Láti ìgbà èwe ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún owó oṣù, ó ti dé àṣekágbá kọjá ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ojú nìkan ló fi ń rí ife ẹ̀yẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò kàn án rí. Òun ló sì kọ́ àbúrò rẹ̀ yìí ní bọ́ọ̀lù, níwájú ike kan tí kò ní ìdí mọ́, tí ó fi okùn so mọ́ ara ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó sọ fún un pé kí ó má da ara rẹ̀ láàmú, pé òun lè wo eré náà láti orí bẹ́ńṣì. Bẹ́ńṣì kò ní pa òun lórúnkún.

“Ẹ ò ní jókòó,” àbúrò rẹ̀ wí.

“Ta ni kò ní jókòó?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Èmi nìkan, àbí èmi àti àwọn wo?”

Ó fi àpò tí ó gbé lọ́wọ́ lù ú lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò bá wọn dé inú mọ́tò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n lọ sí ilé ìyá wọn láti lọ fi ‘ìwọ’ dánra wò. Ìyá wà ní pálọ̀, ó ń ká aṣọ. Àwọn méjèèjì wọ ilé ìdáná, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀. Àgbà fẹ̀yìn ti síǹkì, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

“Ó yá, pè mí.”

“Ì...”

“Ó ku díẹ̀.”

“Ìwọ, sáré lọ sí igun.” Ó mí kanlẹ̀. “Sà.”

Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí síǹkì mú kí ó má bàa ṣubú. Ó ní òun ti gbọ́ ‘ìwọ’, òun sì ti gbọ́ ‘sà’, ṣùgbọ́n pé kí àwọn méjèèjì máa gbé inú gbólóhùn kan náà, ìyẹn kò tíì sí nínú ìwé gírámà kankan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, “Ìwọ, ẹ sáré lọ sí igun.” Èyí tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì parí rẹ̀. Níkẹyìn, ó kẹ̀yìn sí i pátápátá, ó dojú kọ fíríìjì, ọ̀rọ̀ náà sì jáde bí omi ẹ̀rọ.

“Ìwọ, sáré lọ sí igun, kí o sì jù ú.”

“Ó dára gan-an,” Àgbà wí. “Àmọ́ fíríìjì kò ní lọ.”

Ohùn ìyá wọn gba àlàfo ilẹ̀kùn wọlé láti pálọ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní ‘ìwọ’ níbẹ̀ yẹn.

“Fíríìjì ni, Màmá.”

“Fíríìjì yẹn ti wà nínú ilé yìí kí n tó bí ọ,” ìyá wọn dáhùn. “Máa rọra.”

Ibi tí ìdánrawò náà parí sí nìyẹn.

Bí ẹni pé èyí kò tó, Ológbò lọ sórí rédíò. Olóòtú ètò eré ìdárayá bi í léèrè ohun tó fà á tí kò fi ju bọ́ọ̀lù, ọmọkùnrin náà kò sì mọ irọ́ í pa. Ó ṣàlàyé ‘ẹ’, ó ṣàlàyé Bọ̀dá mi, ó sì fi kún un pé kóòṣì àwọn lè kojú ẹgbẹ́ èyíkéyìí lágbàáyé, ṣùgbọ́n kò lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ‘ìwọ’ bí wọ́n tilẹ̀ fi ife wúrà bẹ̀ ẹ́. Kí ọjọ́ eré karùn-ún tó pé, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́. Nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá jáde sínú gbọ̀ngàn eré lọ́jọ́ náà, àwọn alátìlẹ́yìn Alágbẹ̀dẹ dìde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n tẹrí ba fún un, wọ́n sì kí i ní ohùn kan pé, “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin mélòó?” Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó juwọ́ sí wọn. Alága ẹgbẹ́, tí ó jókòó sí ìlà iwájú, kò rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn jókòó sí ìlà kejì, pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí itan, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń nàka, ó ń fajú ro, ó ń ṣe bí ẹni tí ń fojú sọ̀rọ̀. Àgbà mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré gbóná, tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń lé ara wọn ní àmì kọ̀ọ̀kan, ẹnu gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́. “Bọ̀dá mi, ẹ bọ́ síwájú,” ni ó pariwo, ọkùnrin méjì sì ti dúró síwájú Bọ̀dá rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Láìpẹ́, ó tún jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, ohun kan náà ló sì tún ṣẹlẹ̀. Nígbà ìsinmi tó ṣáájú abala ìkẹyìn, alága rìn wá sẹ́yìn bẹ́ńṣì, ó tẹ̀ sí etí rẹ̀. Ó ní òun ti ka ‘ẹ’ méjì. Bí òun bá gbọ́ ẹ̀kẹta, kí Àgbà wá jókòó, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Àgbà mu omi, ó nu ẹnu, ó wá sọ ohun tí ó ti ń gbé kiri láti àbọ̀ eré. Ọkùnrin Alágbẹ̀dẹ tí ó ń ṣọ́ ọ, tí gbogbo líìgì ń pè ní Ilẹ̀kùn nítorí bí èjìká rẹ̀ ti fẹ̀ tó, kì í fojú ṣọ́ ọ.

“Etí ló fi ń ṣọ́ mi,” ó wí. “Bí o bá ti ní ‘Bọ̀dá mi’, á lẹ̀ mọ́ mi, á sì pe ẹlòmíràn mọ́ra. Bí o bá sì ti pe ẹnì kan ní ‘ìwọ’, á fi mí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á lọ ran àwọn yòókù lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kan ó tilẹ̀ ní, ‘Bàbá, ẹ sinmi, ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn yín.’”

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo Ilẹ̀kùn ní apá kejì pápá. Ó ti yé e. Ilẹ̀kùn kan wà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ṣí, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ẹnu náà kò tíì gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ọ́. Ó kàn fọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó padà sórí pápá.

Abala ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn Alágbẹ̀dẹ tún fi àmì kan ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù jáde sí ẹ̀gbẹ́ pápá níwájú bẹ́ńṣì àwọn Ẹyẹ Òkun, Ológbò ni yóò sì jù ú wọlé. Ìsinmi ráńpẹ́ ti tán nílẹ̀. Kò sí àyè láti pe ẹnikẹ́ni sí kọ̀rọ̀. Àsìkò tí ó kù kò ju èyí tí èèyàn fi ń mú bọ́ọ̀lù kí ó sì jù ú. Ohun tí wọ́n ti fẹnu kò sí ni pé kí bọ́ọ̀lù lọ bá agbábọ́ọ̀lù wọn kan tí ó ga, tí ó sì sanra, lábẹ́ àwọ̀n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ibẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti há a mọ́. Ó wo igun ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀, ní ibi tí ó ti máa ń jù ú wọlé jù lọ láyé rẹ̀, Ilẹ̀kùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan án láyà.

Ó la ẹnu. Ó gbọ́ ‘ẹ’ tí ó ń gòkè bọ̀ láti ọ̀fun. Ó pa ẹnu dé mọ́ ọn. Ó tún un là.

“Ìwọ,” ó ké, tí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. “Ìwọ ni kí o jù ú.”

Kò ronú láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń wò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń pè. Ṣùgbọ́n Ilẹ̀kùn gbọ́ ‘ìwọ’. Kò mọ ẹni tí wọ́n pè. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú, pé kì í ṣe ọkùnrin tí ó wà níwájú rẹ̀ yìí. Ó yí padà, ó sáré lọ sí abẹ́ àwọ̀n láti lọ wá ẹni náà.

Àgbà ńkọ́? Àgbà bojú wẹ̀yìn. Ó fẹ́ mọ ẹni tí àbúrò òun ń bá wí. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ bí kò ṣe ògiri, àti ọkùnrin kan tí ń ta omi inú ike, tí òun náà la ẹnu sílẹ̀, tí ó ń tọ́ka sí àyà ara rẹ̀ bí ẹni ń béèrè pé ṣé òun ni.

Ológbò kò wo ẹ̀yìn. Ó dúró sún mọ́ kóòṣì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ka ìpéǹpéjú rẹ̀. Etí ti já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ojú ló gbẹ́kẹ̀ lé lọ́tẹ̀ yìí. Ó rí ibi tí ojú náà ń wò, ó sì sọ bọ́ọ̀lù síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù bá Àgbà bí ó ti ń yí orí padà bọ̀. Ó hán an mú. Ìgbà tí ó kàn án lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó wo àbúrò rẹ̀ fìrí, ó fò sókè lórí orúnkún tí dókítà ti kọ̀ sílẹ̀, ó jù ú.

Bọ́ọ̀lù náà yí etí àwọ̀n ká bí ẹni tí ń wá ibi tí ó máa jókòó sí. Ó wọlé. Fèrè dún.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣeé tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n gbé Ológbò sókè, wọ́n gbàgbé láti gbé e sọ̀kalẹ̀. Alága ẹgbẹ́ ń dì mọ́ ẹni tí ó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, ó ń sọ fún gbogbo wọn pé òun ló dá a lábàá, nínú ọ́fíìsì òun, lábẹ́ fáànù òun. Ilẹ̀kùn la èrò kọjá wá bá akọ́nimọ̀ọ́gbá, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ní ẹ̀sùn lọ́kàn.

“Mà, ‘ìwọ’ lẹ wí.”

“‘Ìwọ’ ni mo wí lóòótọ́.”

“Wọ́n ní ẹ ò lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀.”

“N kò lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀,” ó dáhùn, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ìyá wọn ti sọ̀kalẹ̀ láti ìlà kejì, pẹ̀lú àpò rẹ̀ lábẹ́ apá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù fún un láyè. Àgbà, tí ó gbé ife ẹ̀yẹ mọ́ra, rí àǹfààní tí ó ti ń wá láti ìgbà ọmọdé.

“Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín pè mí níwájú gbogbo ayé?”

Akọ́nimọ̀ọ́gbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

“Mo gbọ́,” ìyá wọn wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè ọ́. Kí lo ń wò lẹ́yìn?”

“Mo rò pé ẹlòmíràn ni, Màmá.”

“Ẹlòmíràn bí ta? Kóòṣì ń pè ọ́, o ń wo ògiri. Ká ní bọ́ọ̀lù gbá ọ létí ńkọ́?” Ó fi àpò rẹ̀ tì í ní apá. “Bí wọ́n bá pè ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí o máa dáhùn.”

Ọkùnrin gíga náà tẹ orí ba, ó ní òun ti gbọ́. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó na ife náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí kóòṣì gbà á. Àbúrò rẹ̀ wò ó. Iṣẹ́ ti parí, kóòṣì ti lọ sílé. Ẹni tí ó dúró níbẹ̀ ni ọmọbìnrin tí ó máa ń ṣa bọ́ọ̀lù fún un lábẹ́ ike tí kò ní ìdí.

“Rárá o, Bọ̀dá mi,” ó wí. “Ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè ná.”

Ó gbé e sókè.